Fíìmù wo ni kí a gba gbọ̀ngàn sinimá fún ní ìparí ọdún 2026?

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ fẹ́ràn sinimá, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí. Ẹgbẹ́ wa, àwa tí a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú yìí ní ọdún 2004, fẹ́ kó owó jọ láti fi tún òrùlé yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe. Dípò kí a máa bẹ àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, a pinnu láti gba gbọ̀ngàn kan ní ilé sinimá fún ìfihàn ẹyọ kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2026, kí a sì ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ẹbí wọn àti ará àdúgbò. Àga 120 ló wà nínú gbọ̀ngàn náà. Iye tí wọ́n dá lé wa ni ₦4,000 lórí àga kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦480,000 lápapọ̀, yálà gbọ̀ngàn kún tàbí kò kún. Àwa fẹ́ ta á ní ₦6,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, ₦240,000 ni yóò kù sí wa lọ́wọ́. Bí àwọn tó rà á kò bá pé ọgọ́rin, gbèsè ni a ó jẹ.

Ibi tí ìjà wà ni fíìmù tí a ó mú. Ìdajì ẹgbẹ́ ní Avengers: Doomsday ni kí a mú, nítorí pé gbogbo ayé ló ń retí rẹ̀ ní 18 oṣù Kejìlá. Àwọn yòókù ní kí a mú èyíkéyìí tó bá jáde lásìkò náà nínú fíìmù ilé wa. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ ṣèwádìí kí n sì mú èsì wá sí ìpàdé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Ará Òkè-Ìlewó

Ẹ kú akitiyan lórí ilé ẹ̀kọ́ yín. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ iye owó tí fíìmù ń pa sínú ìwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀nà ìṣirò wọ ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn tó ní Doomsday yóò pa owó rẹpẹtẹ kò parọ́. Avengers: Endgame, Avengers tó ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní ọdún 2019, pa iye tó lé ní bílíọ̀nù 2.7 dọ́là káàkiri àgbáyé. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Russo tó darí rẹ̀ náà ló ń darí eléyìí, òṣèré Robert Downey Jr. sì padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ni yóò ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ ọjọ́ kan náà gan-an ni wọ́n kéde fún Dune: Part Three, tí apá kejì rẹ̀ pa iye tó lé ní mílíọ̀nù 700 dọ́là ní ọdún 2024. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù ńlá méjì lè jáde lọ́jọ́ kan kí àwọn méjèèjì sì jọ là. A rí i ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí Barbie pa ju bílíọ̀nù 1.4 dọ́là lọ tí Oppenheimer tí wọ́n jọ jáde náà sì pa ju mílíọ̀nù 900 lọ. Ohun tó gba àwọn méjèèjì láyè ni pé ilé sinimá pọ̀ níbẹ̀. Ní tiwa, gbogbo ilé sinimá tó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ, fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù, Èkó ló sì kó èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ilé tó ní yàrá mẹ́ta kò lè gba àlejò mẹ́rin sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Doomsday, Dune àti fíìmù ilé wa méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn kan yóò gba àárọ̀ kùtù, àwọn kan yóò gba ọ̀gànjọ́, àwọn kan kò tilẹ̀ ní dé Abẹ́òkúta rárá.

Ohun kejì ni pé owó tí fíìmù kan pa kò sọ fún yín iye orí tí yóò wọlé. Ní ọdún 2023, gbogbo owó tí sinimá Nàìjíríà pa lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 7 náírà. Ní ọdún 2024 ó lé ní bílíọ̀nù 11. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ènìyàn ti ya lọ sí sinimá bí omi. Èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún yẹn, owó tíkẹ́ẹ̀tì tó gbówó lórí ló fà á. Ẹ̀yin kò nílò bílíọ̀nù, ọgọ́rin ènìyàn ni ẹ nílò. Owó dọ́là tí wọ́n pa ní Los Angeles kò ní gbé ènìyàn kan láti Pánsẹ̀kẹ̀ wá jókòó sórí àga yín. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ mọ̀ pé wọn yóò rà á sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ wò.

Ìyá Ìbejì, Aṣérò

Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní 2004, ẹ ti ń súnmọ́ ogójì ọdún báyìí, ẹlòmíràn nínú yín tilẹ̀ ti kọjá rẹ̀. Ẹ ti ní ọkọ, ẹ ti ní aya, ẹ ti bímọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan yóò ra mẹ́rin, bí ó bá mọ̀ pé ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun lè bá òun jókòó wò ó. Ibẹ̀ ni kí ẹ fojú sí.

Mo ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ obìnrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì gba gbọ̀ngàn sinimá bí ẹ ti fẹ́ ṣe yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ló yan fíìmù òyìnbó kan tí ìpolówó rẹ̀ gba gbogbo fóònù kan. A ti san owó tán kí a tó mọ̀ pé àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù, ìyẹn NFVCB, ti fi í sí ìpele 18. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ wa padà. Ìyá tí wọn kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọlé kò lè fi ọmọ sílẹ̀ sí gbàgede kí òun wọlé lọ jókòó, nítorí náà òun náà padà sílé. Àga mọ́kànlélógójì ló ṣófo lọ́jọ́ náà, owó kò sì padà. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé àwọn opó kan wà láàrin wa tí wọ́n ti fi owó ọjà wọn sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè ìpele tí wọ́n fi fíìmù náà sí. Bí ó bá jẹ́ G tàbí PG, gbogbo ilé lè lọ. Bí ó bá jẹ́ 12, ẹ ti yọ àwọn ọmọ kéékèèké kúrò. Bí ó bá ti di 15 tàbí 18, ẹ má ka ọmọ kankan mọ́ iye yín. Ẹ sì béèrè bí fíìmù náà ti gùn tó. Endgame lo wákàtí mẹ́ta gbáko, ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè fara dà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Camp

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà Doomsday díẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ tó wà ní FUNAAB àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga yòókù ń retí fíìmù yìí gidigidi. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀lé ìtàn náà láti ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní dúró de ìgbà tí yóò dé orí fóònù, nítorí pé àwọn mìíràn yóò ti sọ òpin rẹ̀ fún un kí ó tó rí i. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn sún un síwájú, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a máa ń lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fíìmù òkèèrè tó kan ilé wa, ẹ lè sún ètò yín sí oṣù Ṣẹẹrẹ. 15 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2027 ni wọ́n kéde fún Children of Blood and Bone, tí Gina Prince-Bythewood darí láti inú ìwé Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Òrìṣà ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn náà, èdè Yorùbá sì ni àwọn tó ń pidán nínú ìwé yẹn fi ń pe ọfọ̀ wọn. Viola Davis, Idris Elba, Cynthia Erivo àti Damson Idris wà nínú rẹ̀. Mi ò rò pé fíìmù òkèèrè mìíràn wà lọ́nà tí ọmọ Yorùbá lè fẹ́ wò tó bẹ́ẹ̀.

Ará Òkè-Ìlewó

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ tọ̀nà, òun gan-an ló sì mú mi sọ pé kì í ṣe fún wọn. Ẹni tó máa lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò nílò ẹgbẹ́ kankan láti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Yóò ra tirẹ̀ ní iye tí ilé sinimá ń tà á. Kí ló máa mú un fi ₦1,500 tàbí ₦2,000 lé e nítorí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tí kò lọ? Àwọn tó máa san àlékún ni àwọn tó mọ ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn wọ̀nyí kò sì wo àwọn fíìmù tó lé ní ogún tí ìtàn Doomsday ti ń bá bọ̀.

Ní ti oṣù Ṣẹẹrẹ, èmi náà ń retí Children of Blood and Bone, mo sì gbàdúrà pé kí ó pa owó níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní àárín oṣù Ṣẹẹrẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo òbí ń wá. Àpò ti gbẹ, àwọn tó wá láti òkèèrè ti padà. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó pọ̀, ẹ wò ó pọ̀, àmọ́ ẹ má fi owó òrùlé sí i.

Ọmọ Ìbàrà

Mo ṣiṣẹ́ ní ìdí tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé sinimá kan ní Èkó fún ọdún mẹ́ta kí n tó padà sílé, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé ó lè gba owó yín là.

Ọ̀sẹ̀ sinimá kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ẹtì ló ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí fíìmù tuntun bá jáde. Láti ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ojú wà lára iye tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tà. Tí ọjọ́ Ajé bá mọ́, àwọn alákòóso yóò jókòó, wọn yóò ka iye náà, wọn yóò sì tún ìwé àkókò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kọ. Fíìmù tí èrò wọ́ tọ̀ yóò gba gbọ̀ngàn ńlá ní aago mẹ́ta sí mẹ́jọ alẹ́. Èyí tí kò rí èrò yóò bọ́ sí aago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó lè wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ó lè ti pòórá. Mo ti rí fíìmù tó dára tó kú báyìí, tí olóòtú rẹ̀ ń sunkún ní ìdí tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tí òjò àti ọ̀wọ́n epo kọlu ìlú ló bọ́ sí. Ẹni tó bá sọ fún yín ní oṣù Kẹjọ pé òun mọ fíìmù tí yóò wà ní gbọ̀ngàn wo ní 27 oṣù Kejìlá, ó ń méfò ni.

Ẹ wá wo bí owó ṣe ń pín. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì ₦5,000, owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń gba nǹkan bí ₦350. Ohun tó kù, ilé sinimá àti àwọn tó ni fíìmù ló máa pín in, ó sì máa ń súnmọ́ ìdajì-ìdajì. Nínú apá ti fíìmù, alágbàtà tó ń pín in kiri yóò yọ tirẹ̀ kí ó tó kan olóòtú. Apá ti ilé sinimá nínú tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà tó láti san owó epo dísẹ́ẹ̀lì àti owó òṣìṣẹ́. Gúgúrú, mínírà àti súyà ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ lo èyí nígbà tí ẹ bá ń dúnàá dúrà. Ènìyàn 120 tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìdajì wọn jẹ́ ọmọdé, ohun ọrọ̀ ni fún ẹni tó ń ta gúgúrú. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú ọjọ́ tí kì í ṣe Àbámẹ́ta tàbí Àìkú, ẹ lè béèrè ₦3,000 lórí àga. Bí wọ́n bá sì gbà, ọgọ́ta ènìyàn péré ni yóò gbà yín kúrò nínú gbèsè.

Ìmọ̀ràn mi gan-an rèé. Ẹ má san àsansílẹ̀ lórí orúkọ fíìmù. Ọjọ́, àkókò àti gbọ̀ngàn ni kí ẹ san án lé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ ó sọ fíìmù tí ẹ fẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, láti inú àwọn tó bá wà ní ilé sinimá nígbà náà. Ilé sinimá kò pàdánù ohunkóhun nínú èyí, ẹ̀yin sì ti bọ́ lọ́wọ́ àfojúdá. Ẹ tún fi kún un pé bí ẹ̀rọ tàbí iná bá kọṣẹ́, owó yóò padà tàbí kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ yìí kò wá sí wa lọ́kàn rí. Ṣùgbọ́n ohun kan ń rú mi lójú. Báwo ni a ṣe fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kọkànlá nígbà tí a kò lè sọ orúkọ fíìmù fún ẹni tó ń rà á? Ṣé kò ní dà bí ẹni ń ta ọjà inú àpò?

Bàbá Ìjẹmọ̀

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára, mo sì ní èsì rẹ̀ láti ìgbà èwe mi.

Kí sinimá ìgbàlódé tó dé, àwọn òṣèré wa ni wọ́n ń gbé fíìmù wọn kiri fúnra wọn. Ní ọdún 1976 ni Ajani Ogun jáde, fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí Ola Balogun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa ń pè ní Ade Love ṣe olú-ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hubert Ogunde gbé Aiye dé, tó tún gbé Jaiyesimi tẹ̀lé e. Ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kó o sí pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hàn án, láti ìlú dé ìlú. Gbọ̀ngàn ìlú, ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ibi tí àyè bá ti gbà wọ́n ni wọ́n ń ta aṣọ funfun sí. Ẹni tó ni fíìmù tàbí ìbátan rẹ̀ ló máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà láti ka tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé bí kò bá sí níbẹ̀, owó kò ní pé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tó wà nínú fíìmù náà kí a tó sanwó. Orúkọ Ògúndé ni a sanwó fún, àti ìdùnnú pé gbogbo àdúgbò yóò wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ta ìpàdé yín. Ẹ sọ fún ènìyàn pé yóò rí àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì, yóò rí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ tí ẹ pè wá, fíìmù tó ń dá gbogbo ènìyàn lára yá ní ọ̀sẹ̀ náà ni wọn yóò sì jọ wò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ yẹn yóò ra á.

Mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé ohun tí Ògúndé ń ṣe nígbà náà ni àwọn òṣèré òde òní ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń lọ láti sinimá dé sinimá láti kí àwọn tó wá wo fíìmù wọn. Ibi tí òṣèré bá dé, tíkẹ́ẹ̀tì ń tán. Ẹ máa fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan nínú wọn yóò gba Abẹ́òkúta kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ìlú yìí ni wọ́n ti tọ́ Túndé Kèlání, ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Girama ló lọ. Ó padà wá ya fíìmù lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ wa tó kọ àpàlà títí di ọdún 1980 tí ó kú, ó sì gbé e dé sinimá ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ẹni tó wò ó nínú gbọ̀ngàn tó kún, tí gbogbo ènìyàn ń bá a lé orin, mọ ìyàtọ̀ láàrin ìyẹn àti kí ènìyàn dá jókòó wò ó. Nígbà tí fíìmù Líṣàbí wá jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, orí Netflix ló gbà. Lateef Adedimeji ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, kí Ọlọ́run tún bù kún un, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá ti rí Líṣàbí.

Ará Òkè-Ìlewó

Bàbá, ẹ ṣé. Ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn yìí kan ìṣirò náà gan-an. Fíìmù tó bá ti wà lórí fóònù kò ṣeé tà ní ₦6,000 mọ́. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, Amazon, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Netflix, kéde pé àwọn kò ní náwó sórí fíìmù tuntun ní Áfíríkà mọ́, láti ìgbà náà sì ni àwọn olóòtú wa ti túbọ̀ ń kọjú sí sinimá. Ìyẹn dára fún yín, nítorí pé àṣàyàn yóò pọ̀ ní oṣù Kejìlá. Ó tún túmọ̀ sí pé wọn yóò máa fún ara wọn lọ́rùn.

Ẹ wo díẹ̀ nínú àwọn tó pa owó jù nínú fíìmù ilé wa. Omo Ghetto: The Saga jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2020, ó pa iye tó lé ní mílíọ̀nù 600 náírà. Battle on Buka Street jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, òun náà kọjá 600. A Tribe Called Judah jáde ní 15 oṣù Kejìlá ọdún 2023, kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi wọ bílíọ̀nù kan, ohun tí fíìmù Nollywood kankan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Everybody Loves Jenifa jáde ní 13 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó kọjá bílíọ̀nù 1.8. Ọwọ́ Funke Akindele ni gbogbo rẹ̀ ti wá, oṣù Kejìlá ni gbogbo rẹ̀ sì jáde. Bí ó bá tún gbé òmíràn jáde lọ́dún yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, òun ni èmi yóò kọ́kọ́ fojú sí. Ohun tó ń fa èrò sí tirẹ̀ ni pé ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà lè jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wo fíìmù mìíràn kí ó tó lóye rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èdè Yorùbá kì í pa owó ní sinimá. King of Thieves, tí Femi Adebayo gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pa iye tó lé ní mílíọ̀nù 300 náírà láìdúró de Kérésìmesì.

Nígbà tí àkókò bá tó, ohun tí ẹ máa wò ni ìyàtọ̀ láàrin òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Àwọn alágbàtà máa ń gbé iye náà jáde. Ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìkejì, ẹnu àwọn tó ti wò ó ló ń gbé e. Bí fíìmù bá pa mílíọ̀nù 100 lẹ́yìn náà tó já sí 30, àwọn tó wò ó kò sọ̀rọ̀ rere rẹ̀ nílé. Bí òmíràn bá pa 60 tó sì tún pa 50, èyí kejì yìí ni kí ẹ mú.

Ìyá Ìbejì, Aṣérò

Mo fara mọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ọjọ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú oṣù Kejìlá ní Abẹ́òkúta, ìgbéyàwó méjì àti òkú kan ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń lọ. Aṣọ ẹbí ti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má mú 19 oṣù Kejìlá rárá, nítorí pé Doomsday yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá rẹ̀, ilé sinimá kò sì ní gbà kí ẹ dín owó kankan kù. Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kejìlá, ló wù mí. Kérésìmesì ti kọjá, àwọn ọmọ wà nílé tí wọ́n ń dààmú wa, àwọn tó ti Èkó àti Ìbàdàn wá kò tíì padà. Aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ fi í sí, kí àwọn tó ń lọ sí Ọ̀báńtokò àti Làfẹ́ńwá lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ Ìbàrà

28 dára gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé 11 oṣù Kejìlá ni fíìmù náà jáde, òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì yóò parí ní 20, ẹ ó ti rí iye méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́wàá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò wá di méje, kí ẹ tètè bá wọn sọ ọ́ nígbà àdéhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Camp

Mo ti gbà. Mo lè bá yín ta tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá láàrin àwọn tí wọ́n ní àbúrò ní ilé. Èmi yóò ti wo Doomsday tèmi ní ọjọ́ Ẹtì ṣáájú.

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Bàbá, Ìyá Ìbejì, àti ìwọ àbúrò mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí ìpàdé wa ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, mo sì kà á fún wọn bí ẹ ti kọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ Doomsday kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ orúkọ àwọn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tà fún sílẹ̀, orúkọ 93 ló jáde, 38 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yanjú fúnra rẹ̀.

Mo padà sí ilé sinimá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n gba 28 oṣù Kejìlá, aago méjì ọ̀sán. A bá wọn dúnàá dúrà títí tí wọ́n fi gba ₦3,200 lórí àga, lẹ́yìn tí mo sọ ọ̀rọ̀ gúgúrú náà fún wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦384,000, àsansílẹ̀ jẹ́ ₦100,000, kò sí orúkọ fíìmù kankan nínú ìwé àdéhùn, àfi pé kí a sọ ọ́ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ 21, kí ó má sì kọjá ìpele PG. Tíkẹ́ẹ̀tì tiwa ti di ₦5,500 fún àgbà àti ₦4,000 fún ọmọdé. Olùkọ́ ìmọ̀ lítíréṣọ̀ wa àtijọ́, tó ń gbé ní Ìdí-Abà, ti gbà láti wá.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àga nínú yín, kí ó kọ iye tó fẹ́ síbí.

Bàbá Ìjẹmọ̀

Kọ méjì sílẹ̀ fún mi, tèmi àti ti ìyàwó mi. Kí ó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí orúnkún rẹ̀.